Bọ́ọ̀dù Tí Wọ́n Rà fún Ẹ̀gbọ́n Mi

Èmi ni mo máa ń di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi mú lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, ọdún mọ́kàndínlógún gbáko. Bí ẹ bá rí wa lójú títì, ẹ ó rò pé èmi ni mò ń mú un lọ. Irọ́ ni. Èmi tí mo ní ojú méjèèjì ni mo máa ń kọsẹ̀, òun a sì ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ lánàá pé wọ́n ti gbẹ́ ibẹ̀ yẹn." Láti inú bí ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú wa ṣe ń dún ló ti ń mọ ibi tí kòtò wà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà tí àìsàn kan fọ́ ọ lójú, èmi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, nítorí náà n kò mọ̀ ọ́n ní ẹni tó ríran rí. Lójú tèmi, bó ṣe yẹ kí ẹ̀gbọ́n rí nìyẹn: kó ga, kó máa pàṣẹ, kó má ríran.

Ilé iṣẹ́ wa ń ta ẹ̀rọ tó ń fa omi, a sì ń tún un ṣe. Èmi ni mò ń tọ́jú sítọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló wà nídìí tẹlifóònù. Gbogbo ìpè tó bá wọlé láti ìta, ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè. "Ẹlóò" tó máa ń sọ, tó máa ń fà á gùn bí ẹni tó ń na aṣọ sórí okùn, ló sọ ọ́ di Àǹtí Ẹlóò. Ọ̀gá ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn oníbàárà tí wọn kò fojú kàn án rí náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí èmi náà bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ní lọ́jọ́ tí òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu mi, òun á gbá mi létí.

Yàrá tẹlifóònù wà láàárín àtẹ̀gùn àti sítọ̀ mi, pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló pààlà. Fèrèsé kan wà níbẹ̀ tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Bí àlejò bá ní yàrá náà ti ṣókùnkùn jù, ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Ẹ má jẹ́ kó dùn yín, èmi kò tíì rí i." Àwọn tí kò bá mọ̀ ọ́n kì í mọ̀ bóyá kí àwọn rẹ́rìn-ín ni àbí kí àwọn bẹ̀bẹ̀.

Bọ́ọ̀dù tó ń lò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gba ìpè tó sì ń pín in káàkiri ilé iṣẹ́, tóbi tó àpótí aṣọ. Bọ́tìnnì ogójì ló wà lórí rẹ̀, ìlà mẹ́rin, mẹ́wàá-mẹ́wàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún yàrá kan tàbí ẹnì kan. Láìnì mẹ́fà ló ń wọlé láti ìta, aago kálukú sì ní bó ṣe ń dún. Ọ̀dà ara bọ́tìnnì ìlà àkọ́kọ́ ti bó kúrò pátápátá, nítorí ibẹ̀ ni ọ́fíìsì Ọ̀gá àti ti àwọn tó ń ta ọjà wà. Kí ẹni tó ń pè tó parí gbólóhùn àkọ́kọ́, ìka ẹ̀gbọ́n mi á ti wà níbi tó yẹ.

Kì í sì í ṣe pé ó kàn ń fi ìpè ránṣẹ́. Bí oníbàárà bá pe tìbínú-tìbínú pé ẹ̀rọ tí a tà fún òun kò fa omi, ẹ̀gbọ́n mi kò ní í jù ú lé Ọ̀gá lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ kí i. Á béèrè ìyàwó. Á béèrè ọmọ tó ń ṣe ìdánwò nígbà tó pè kẹ́yìn, ṣé ó yege. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pátákó, bó ṣe ń rẹ ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ti oníbàárà náà lè tẹ̀ lé e. Nígbà tí ìpè náà bá fi máa dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá, ẹni tó fẹ́ jà á ti máa bẹ̀bẹ̀. Ọ̀gá máa ń sọ pé obìnrin yìí ló ń ta ẹ̀rọ omi òun, pé àwa yòókù kàn ń gbé e sínú ọkọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú díẹ̀, nítorí èmi ni mò ń gbé e.

Òun náà ló wá iṣẹ́ fún mi. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíì tó fi bú mi. Ní ọdún tí ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ilẹ̀kùn pa, tí òun ti lo ọdún mẹ́wàá nídìí tẹlifóònù, ó lọ bá Ọ̀gá, ó ní òun ní àbúrò kan tó mọ nǹkan kà, tí kò sì lè jalè nítorí ojo ni. Báyìí ni mo ṣe dé inú sítọ̀.

Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí ọmọ wọn kan ṣoṣo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Orí àga ìdí tẹlifóònù yẹn ló ti tọ́ ọmọ náà títí ó fi lọ ilé ọkọ. Yàrá rẹ̀ àti yàrá tèmi kọjú sí ara wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà láàárín, kò sì jẹ́ kí ìyàwó mi bá òun fọ aṣọ rí. Láàárọ̀ ó ti wẹ̀, ó ti múra, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n tó rí bàtà mi. Ní àdúgbò, wọn kì í pè é ní afọ́jú. Àǹtí tó ń ṣiṣẹ́ níbi ẹ̀rọ omi ni wọ́n ń pè é. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́, afọ́jú kan tó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ló kù.

Ó yẹ kí n sọ bí Ọ̀gá àtijọ́, ẹni tó gbà mí síṣẹ́, ṣe máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Nígbà kan, ó rí i pé àga ẹ̀gbọ́n mi ti ya lẹ́yìn. Ó ní, "Àǹtí Ẹlóò, ṣé àga yẹn kò ń dùn yín lẹ́yìn?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Rárá o, sà, ó dára." Ó ní, "Ṣé ó dá yín lójú?" Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dára gan-an, sà." Ọ̀gá wá ti ilẹ̀kùn, ó fara ti ògiri, ó ní, "Ó dáa, èmi ni mò ń bi yín báyìí." Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tó sọ pé, "Ó ń dùn mí díẹ̀, sà." Àga tuntun dé lọ́jọ́ kejì.

Bí a ṣe tọ́ àwa méjèèjì náà nìyẹn. Bí a bá dé ilé onílé tí wọ́n gbé oúnjẹ wá, ìyá wa ti kìlọ̀ nílé: ẹ ó ní ẹ ti yó. Bí wọ́n bá tún fi lọ̀ yín, ẹ ó ní ẹ ti yó. Bó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ wẹ ọwọ́ yín. Ẹni tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan, ojú ń kán an. Ẹni tó bá fi lọni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò fẹ́ fúnni. Bí ebi bá ń pa wá, a máa ń fi ìka ka iye ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lábẹ́ tábìlì.

Nígbà tó yá, orúnkún Ọ̀gá àtijọ́ kò gbé e gun àtẹ̀gùn mọ́, ó fi ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ọ̀gá Kékeré là ń pè é. N kò ní í purọ́ mọ́ ọn: èèyàn dáadáa ni. Ó máa ń kí wa kí a tó kí i. Àmọ́ ó máa ń rìn bí ẹni tó gbé omi kaná sílé. Bí ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ẹ ó bá parí rẹ̀.

Ní ọdún kejì tó dé ni bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Láìnì kẹrin ló kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, àwọn láìnì ń wọ inú ara wọn, oníbàárà kan gbọ́ bí àwa àti oníbàárà mìíràn ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ẹnjiníà tó máa ń tún un ṣe wá, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó pa á dé. Ó ní wọn kò ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ mọ́ níbì kankan, pé ẹni tó bá ń wá a, inú ilé tí wọ́n ń kó ohun àtijọ́ sí ni kó ti lọ jí i. Ọ̀gá Kékeré ní kí àwọn tó ń ta bọ́ọ̀dù tuntun máa gbé tiwọn wá kí a wò ó.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wá jẹ́ ọkùnrin sísanra kan tó ń làágùn bí ẹni tó sáré wá. Ó rí ẹ̀gbọ́n mi, ó kàn mú ọwọ́ rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ náà. Bọ́tìnnì ló wà lórí rẹ̀, ó yọ sókè dáadáa, àmì kékeré sì wà láàárín rẹ̀ tí ìka lè mọ̀. Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe tẹ ọ̀kan, ẹ̀rọ náà sọ nọ́ńbà rẹ̀ sí i létí. Ó tẹ òmíràn, ó tún sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, gbogbo eyín rẹ̀ ló hàn. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti ń lò ó bí ẹni tó ti ń lò ó láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ṣe èyí. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ ní ojú."

Ẹnì kejì jẹ́ ọmọbìnrin kan, bàtà rẹ̀ ń dún kọ́-kọ́-kọ́ kí ó tó dé. Bọ́ọ̀dù tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, ó ń dán. Kò sí bọ́tìnnì kankan lórí rẹ̀, gíláàsì lásán ni, àwòrán bọ́tìnnì ló máa ń yọ nínú rẹ̀ tí iná bá tàn. Ó ní ọmọdé pàápàá lè lò ó. Òótọ́ ni, mo lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi náà na ọwọ́ sí i. Bó ṣe ń wá ibi tó máa tẹ̀, ẹ̀rọ náà ti pe yàrá mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà ní, "Ẹ rọra, mà, kì í fẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ pa á." Ẹ̀gbọ́n mi kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó kó o sí orí itan. Ó ní, "Ó dára gan-an. Ó tutù."

Ẹnì kẹta ní ẹ̀rọ tirẹ̀ kò nílò ẹnikẹ́ni, àpótí kékeré kan ni, á máa dáhùn fúnra rẹ̀ pé ẹ tẹ ení, ẹ tẹ èjì. Ọ̀gá Kékeré ní kí ìyá òun pè láti ilé kí a fi dán an wò. Ẹ̀rọ ní kí ìyá tẹ ení. Ìyá ní, "Ìwọ ta ni? Ọmọ ta ni ọ́?" Ẹ̀rọ tún ní kó tẹ ení. Ìyá bínú, ó gbé fóònù sílẹ̀, kò sì bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí ẹ̀rọ kẹta ṣe jáde nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó wá ku méjì: ti bọ́tìnnì, àti ti gíláàsì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa yàn, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ká aṣọ. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà tèmi. Ó ní, "Bí wọ́n bá ra gíláàsì yẹn, ó parí fún mi."

Mo ní, "Ẹ sọ fún un lọ́la. Kò mọ̀ ni."

Ó ní, "Màá sọ. Ṣebí ó ní òun máa bi mí? Á bi mí."

"Bó bá ti bi yín, kí ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀."

Ó dáwọ́ aṣọ dúró. "Kí n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan rí? Kí n máa yan ẹ̀rọ fún ẹni tó ni ilé iṣẹ́? Á bi mí, màá ní ohun tó bá wù ú. Á tún bi mí, màá ní kò burú. Bó bá wá bi mí lẹ́ẹ̀kẹta, màá ní, 'Sà, èyí tó ní bọ́tìnnì ni ọwọ́ mi lè kà.' Báwo lo ṣe rí i?"

Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ṣé kò le jù. Ó yọ "sà" kúrò níbẹ̀rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn, ó tún gbé e padà. Èmi, àgbàlagbà, mo jókòó síbẹ̀ mo ń bá a yan ibi tí "sà" máa wà. N kò rí ohun tó burú nínú ètò náà. Ká ní wọ́n bi èmi náà, bí màá ṣe dáhùn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú un wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Kékeré, mo sì dúró sẹ́nu ọ̀nà. Olórí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù méjèèjì wà lórí tábìlì. Ọ̀gá Kékeré ti mú bírò lọ́wọ́. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ máa lò ó. Èwo lẹ fẹ́ nínú méjèèjì?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó tẹ orí ba díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́, sà. Èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn ti tẹ́ èmi náà lọ́rùn."

Ọ̀gá Kékeré ní, "Ẹ ṣeun gan-an, Àǹtí. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn yín nìyí, ẹ kì í ṣòro." Ó wo gíláàsì, ó wo bọ́tìnnì. Ó ní, "Ó dáa, ti gíláàsì yìí bágbà mu." Ó fọwọ́ sí ìwé. Ó yíjú sí olórí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa wáyà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì jókòó, ó gbé orí sókè, ó kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó ń dúró. Mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ṣí díẹ̀, tó tún pa dé. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà rèé, àgbà rèé, orí ń wọ́ níṣojú mi, bàtà mi ni mò ń wò. Mo mọ̀ pé òun ló fi mí síbi iṣẹ́, n kò fẹ́ kí wọ́n ní mo ti ń fi ẹnu sí ọ̀rọ̀ tí wọn kò pè mí sí. Ìyẹn wà níbẹ̀. Àmọ́ kí n sọ òótọ́, ohun tó dá mi dúró jù ni pé èmi náà ń retí ìbéèrè kejì.

Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí Ọ̀gá Kékeré tó rí i pé a ṣì wà níbẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ó ti parí o, ẹ lè máa lọ síbi iṣẹ́ yín."

Lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kò lè bi mí léraléra níwájú ẹni yẹn. Á pè mí padà." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, á pè é padà. Ọjọ́ méjì kọjá. Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá. Bí a bá ṣíwọ́, á ní kí n jẹ́ kí a dúró díẹ̀, bóyá Ọ̀gá ń bọ̀ wá sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá á sọ̀ kalẹ̀ lóòótọ́, á ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́, ó dàárọ̀," ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti dé ìta. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ti ilé wa yàtọ̀. Ẹnu tí a mọ̀ ọ́n pa mọ́ ló kó ọ̀ràn bá wa.

Bọ́ọ̀dù gíláàsì dé ní ọjọ́ kejìlá. Nígbà tí wọ́n ń tú ti àtijọ́, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àga rẹ̀ ní àárín yàrá, àwọn oníṣẹ́ ń fo ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Ọmọbìnrin oníbàtà wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó ní, "Kò le, mà. Ẹ ṣáà máa wo ibi tí iná bá ti tàn." Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó bẹ̀bẹ̀ títí. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

A kò kàn jókòó síbẹ̀ o. Mo wá gọ́ọ̀mù, mo kán an sórí gíláàsì náà tó-tó-tó, kí ìka lè rí nǹkan kà. Ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́rin. Àṣé ojú ẹ̀rọ náà kì í dúró: bí ẹ bá tẹ ibì kan, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ á yí padà, ibi tó jẹ́ Ọ̀gá tẹ́lẹ̀ á di ẹni tó ń gbálẹ̀. Gọ́ọ̀mù kò sì mọ̀ pé wọ́n ti ṣí ipò. Ìyẹn nìkan kọ́. Bọ́tìnnì máa ń jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ wá a kó tó tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì kò ní sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí ìka bá ti kàn án, ó ti gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ẹ̀gbọ́n mi fi oníbàárà ńlá kan ránṣẹ́ sí ìyá tó ń fọ ilé ìgbẹ́, àwọn méjèèjì sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn kò jọ ara wọn. Ó fi ìyàwó Ọ̀gá Kékeré ránṣẹ́ sí àárín àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ohun tí obìnrin náà gbọ́ níbẹ̀ kò ṣeé sọ. Gbogbo ilé iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn pátákó tó ń sọ pé, "Ẹ má bínú, sà. Ẹ má bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un pè," láti àárọ̀ títí di ọ̀sán, ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu mi. Kò béèrè ìyàwó, kò béèrè ọmọ mọ́. Kò ráyè.

Ọ̀gá Kékeré kò bínú rárá. Ó máa ń wọlé, á gbá a léjìká pẹ́pẹ́, á ní, "Ẹ ó mọ̀ ọ́n, Àǹtí. Díẹ̀díẹ̀ ni." Ká ní ó bínú ni, ì bá tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó mú ọmọbìnrin kan wá láti ọ́fíìsì iwájú kó wá ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ náà jókòó sórí àga, ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní "ẹ káàárọ̀" lásán, ẹ̀gbọ́n mi á sọ fún ọmọ náà ẹni tó jẹ́. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà ti mọ àwọn ohùn náà. Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi nínú sítọ̀, kó máa bá mi ṣa àwọn rọ́bà roboto tí a fi ń dí ojú omi, kékeré lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀. Ó mọ̀ ọ́n ṣà jù mí lọ. Wákàtí kan ló fi ń parí iṣẹ́ ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, á dà wọ́n papọ̀ padà, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ń rí i, n kò sọ pé mo rí i.

Ọjọ́ tí mo rí i tó dà á papọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta ni mo dìde. Mo gun àtẹ̀gùn lọ bá Ọ̀gá Kékeré. Mo ní, "Sà, Àǹtí kò lè lo ẹ̀rọ yẹn. Kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ ọ́n. Ti bọ́tìnnì ni wọ́n fẹ́ láti ọjọ́ yẹn."

Ó gbé bírò sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí i tó jókòó tó dúró jẹ́ẹ́. Ó ní, "Ti bọ́tìnnì?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó ní, "Òun gan-an ni mo fẹ́ rà. Tìtorí tiwọn ni mo fi gbé e sórí tábìlì lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé wọ́n á sọ pé òun làwọn fẹ́, màá fọwọ́ sí i, a ó sì lọ. Nígbà tí wọ́n ní èyíkéyìí, mo rò pé wọ́n ń sọ fún mi pé àwọn lè lo méjèèjì ni. N kò fẹ́ máa bá wọn lò bí ẹni tí kò lè ṣe nǹkan. Mo bi wọ́n, àbí n kò bi wọ́n?"

"Ẹ bi wọ́n, sà."

"Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀, sà."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ̀rọ̀?"

Mo dúró síbẹ̀, ó ń wò mí, kì í sì í ṣe ojú ìbínú ló fi ń wò mí. Ó ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Ṣé kí n ní ẹ̀ẹ̀kan ló béèrè? Ẹni tó béèrè lẹ́ẹ̀kan, tó sì gba ìdáhùn tí wọ́n fún un gbọ́, ẹ̀ṣẹ̀ wo ló ṣẹ̀? Ọ̀gá Kékeré ní ẹni tó ta gíláàsì kò ní í gbà á padà, pé wọ́n ti lu ògiri, wọ́n ti fa wáyà, pé ti bọ́tìnnì kò bá wáyà náà mu, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó ní òun máa wá àga sí iwájú, kí Àǹtí máa kí àwọn àlejò tó bá wọlé. Ó ní, "Ó dùn mí gan-an." Ó dùn ún lóòótọ́. Ìyẹn kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Nígbà tí a ṣíwọ́, ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú títí a fi rìn kọjá ibùdókọ̀. Ó ní, "O lọ sókè lónìí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kí ló wí?"

Mo rò pé kí n purọ́. N kò lè purọ́ fún ẹni tó ti fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n gbọ́ ohùn àwọn òpùrọ́ nídìí tẹlifóònù. Mo ní, "Ó ní ti bọ́tìnnì gan-an lòun fẹ́ rà. Ó ní ká ní ẹ sọ ọ́, ìyẹn ni òun ì bá rà."

Ó dúró. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa yà wá sílẹ̀, wọ́n ń kọjá lọ.

Ó ní, "Nígbà àkọ́kọ́ tó bi mí yẹn?"

Mo ní, "Nígbà yẹn náà."

"Láì tún bi mí?"

"Láì tún bi yín."

Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ọwọ́ mi, kò fún un, kò sì tú u sílẹ̀. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀ kéré gan-an.

"Mo ti múra sílẹ̀," ó ní. "Mo rò pé ó ṣì ń bọ̀ wá bi mí ni."

Mo sọ fún un pé èmi náà rò bẹ́ẹ̀.